Kọ̀rọ̀ Tí Ó Ń Bọ́ Èkó: A Gbé Kámẹ́rà Lọ Sídìí Ìkòkò Àwọn Olóúnjẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ní ìlú Èkó, àìmọye ènìyàn ni kì í rí àyè jẹun àárọ̀ nílé. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Ìkòròdú tàbí ní Ìyànà Ìpájà, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, gbọ́dọ̀ ti wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yóò dá a dúró sójú ọ̀nà. Ó di ìgbà tí ó bá dé ibi iṣẹ́ kí ó tó rántí inú. Ta ni ó wá ń bọ́ gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Kì í ṣe àwọn ilé oúnjẹ olówó ńlá tí ó ní fèrèsé gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn tí ó ń bọ́ wọn wà nínú kọ̀rọ̀: lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́, lábẹ́ àtẹ̀gùn, láàrin ilé méjì tí páànù kan ṣoṣo bò, níbi tí ẹni tí kò bá mọ̀ yóò kọjá nígbà mẹ́wàá láìmọ̀ pé ìkòkò ń hó níbẹ̀.

Irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí gbé kámẹ́rà lọ. A rìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a dé Èbúté Mẹ́tta àti Yábàá, a sì ya Mùṣin. Kì í ṣe nítorí pé a fẹ́ fi àwòrán oúnjẹ dá yín lọ́fun tòlò nìkan ni a ṣe lọ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni ẹni tí ó wà nídìí ìkòkò, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti jẹun lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ tí a kò fi ìgbà kan wo ojú rẹ̀ dáadáa.

ORÚKỌ TÍ KÒ SÍ LÁRA PÁTÁKÓ

Orúkọ púpọ̀ ni a ń pe irú ilé oúnjẹ yìí. Àwọn kan ń pè é ní búkà. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà. Ahéré tí a fi koríko kọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn fa orúkọ náà gùn, wọ́n sọ ọ́ di búkátéríà, kí ó lè dún bí orúkọ ilé oúnjẹ òyìnbó. Àwọn mìíràn ń pè é ní Mama Put, nítorí pé bí oníbàárà bá ti na àwo rẹ̀ síwájú, ẹ̀bẹ̀ tí ó ń bẹ̀ nìyẹn, pé kí màmá tún bu díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá ti Oxford gba búkà, búkátéríà àti Mama Put wọlé, pẹ̀lú dáńfó àti ọ̀kadà. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ti fi obìnrin olóúnjẹ kan tí ó ń jẹ́ Mama Put sínú eré oníṣe rẹ̀ tí ó pè ní The Beatification of Area Boy, èyí tí ó dá lórí ìgbésí ayé ní ìgboro Èkó.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá orúkọ lára ògiri búkà, ẹ kò ní rí i. Púpọ̀ nínú wọn kò ní pátákó. Ohun tí ó bá wà nítòsí ni àwọn oníbàárà fi ń sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tí gbogbo òṣìṣẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ sí Ghana High, ọ̀dọ̀ ilé aṣojú orílẹ̀-èdè Gánà tí ó wà nítòsí rẹ̀ ní Oníkàn ni ó ti gba orúkọ. Bákan náà ni ó rí ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé kí a lọ jẹ Àmàlà Skye ní Bódìjà. Ilé ìfowópamọ́ tí ó ń jẹ́ Skye Bank ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ náà, wọ́n sì fi òmíràn tí ó ń jẹ́ Polaris rọ́pò rẹ̀. Báńkì ti lọ, àmàlà kò lọ. Orúkọ báńkì tí ó ti kógbá sílé, ẹnu àwọn ọlọ́jẹ àmàlà ni ó kù sí.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀NÀ IBẸ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí oúnjẹ gidi wà nínú kọ̀rọ̀, ẹ tẹ̀lé ẹsẹ̀ àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ agbára. Níbi tí awakọ̀ dáńfó, alábàárù, kọ́ńdọ́, àti akọ̀wé tí ó ju táì sẹ́yìn èjìká kí ọbẹ̀ má baà ta sí i, bá ti jọ ń wọ ọ̀nà tóóró kan náà, ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ẹ ṣáà máa bá wọn lọ.

Ẹ sì mọ̀ pé wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ó ní oúnjẹ tirẹ̀. Ní kùtùkùtù, ọwọ́ alákàrà àti ológì ni ọjà wà. Bí oòrùn bá ti ń yọ, àwọn ẹlẹ́wà gbà á. Láti bí agogo mọ́kànlá títí di agogo mẹ́ta, àkókò àmàlà, ẹ̀bà, fùfú àti ìrẹsì nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn Haúsá ọlọ́súyà tan iná sí Ọbáléńdé, àwọn onítíì tí ń din ẹyin sí búrẹ́dì sì gbé tábìlì wọn síta. Ẹni tí ó bá wá àmàlà ní agogo méje alẹ́ yóò bá ìkòkò tí a ti fọ̀ tí a sì ti dojú rẹ̀ dé.

OÚNJẸ ÀÁRỌ̀, ÌTÀN ÀWỌN TÍ Ó TI ÒKÈÈRÈ WÁ

Ní àdúgbò Pópó Àgùdà, láàrin òpópónà Bámgbóṣé àti Campos, ni a ti kọ́kọ́ tú kámẹ́rà síta. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n tún padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n tẹ àdúgbò yìí dó. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, ìdílé àwọn Àgùdà ń se oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní fùréjọ̀nù: ẹ̀wà tí a sè jinná, tí a lọ̀ tí a sì sẹ́, tí a fi omi àgbọn pò, tí a sì ń fi ẹja àti ọbẹ̀ ata jẹ. Orúkọ tí àwọn ará Pọtogí ń pe ẹ̀wà ni ó di fùréjọ̀nù lẹ́nu àwọn baba ńlá wọn. Ẹ ò rí i pé oúnjẹ tí ó la òkun kọjá nígbà méjì lè fara pamọ́ sínú kọ̀rọ̀ kan ní Èkó.

Ẹ̀wà tí a bá nílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tiwa kì í ṣe fùréjọ̀nù. Ẹ̀wà àgànyìn ni. Àwọn obìnrin tí ó ti ìhà Tógò àti Bìní ti ilẹ̀ Faransé àtijọ́ wá, tí Yorùbá ń pè ní Àgànyìn, ni wọ́n fi orúkọ ara wọn sílẹ̀ fún un. A ń se ẹ̀wà náà títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ata rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ata gbígbẹ tí a gún, àlùbọ́sà àti epo pupa ni a ń dín pọ̀ lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi dúdú, bí ẹ bá sì yára mú un, kíkorò ni yóò korò. Obìnrin tí a bá níbẹ̀ sọ fún wa pé agogo méjì òru ni òun ń dáná. A wo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bu ẹ̀wà, ó ń ṣẹ́ owó padà fún ẹni mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ṣì í.

Búrẹ́dì Àgége ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Búrẹ́dì yìí náà kò wá láti ilé. Ọmọ Jàmáíkà kan, Ọ̀gbẹ́ni Amos Shackleford, tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní ọdún 1913, ni a mọ̀ sí ẹni tí ó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ gbogbo mùtúmùwà ní Èkó, lẹ́yìn tí ó dá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta. Nítorí náà, nígbà tí alábàárù kan bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ó ń ti búrẹ́dì bọ inú ẹ̀wà, iṣẹ́ ọwọ́ Tógò, Bìní àti Jàmáíkà ni ó ń jẹ, kò sì ní láti mọ̀ kí ó tó yó.

ÌDÍ IRÀN ÀMÀLÀ

Ọ̀sán ni a dé Yábàá. Ọ̀nà tí a gbà wọlé kò fẹ̀ ju ènìyàn kan lọ. Nígbà tí a jáde sínú àgbàlá kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, a bá ìkòkò mẹ́rin lórí iná igi, bẹ́ǹṣì mẹ́fà, àti nǹkan bí ogójì ènìyàn tí ń jẹun láìsọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa àmàlà, nítorí àwọn ọmọ wa tí ń dàgbà ní ìlú ńlá rò pé inú ọ̀rá ni èlùbọ́ ti ń wá. Iṣu ni a ń bó, tí a ń gé, tí a ń bọ̀ nínú omi gbígbóná tí kò gbọdọ̀ hó, tí a ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí a tó sá a sóòrùn fún ọjọ́ púpọ̀. Bí ó bá gbẹ kan-in-kan-in, a ó lọ̀ ọ́. Iṣu funfun ni, ṣùgbọ́n bí èlùbọ́ rẹ̀ bá ti kan omi gbígbóná, ó di dúdú. Ti láfún tí àwọn Ẹ̀gbá fẹ́ràn, ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ó fi funfun. Ẹni tí ó bá fi ewédú àti gbẹ̀gìrì pọ̀ lórí àmàlà, tí ó sì bu ọbẹ̀ ata lé e, abùlà ni ó jẹ yẹn. Ẹran wá kù: ṣàkì, ẹ̀dọ̀, fùkù, àbọ́dì, pọ̀nmọ́. Ohun tí ojú bá yàn ni.

Ohun tí kámẹ́rà rí ni ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, tí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ìkòkò, tí ó sì ń fi ọmọrogùn tí ó ga tó èjìká rẹ̀ ro àmàlà. Òógùn ń já bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Èéfín bo ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gíláàsì kámẹ́rà fi ń dá kùrukùru, tí ayàwòrán wa sì ń nù ún léraléra. Kò tan fíláàṣì. Ìtànṣán oòrùn tí ó ń gba ojú ihò páànù wọlé tó, ó dàbí okùn funfun nínú èéfín náà, ó sì mọ́lẹ̀ sí ìdajì ojú ọmọbìnrin náà.

Àwòrán yẹn dára púpọ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó mú un dára náà ni ó ń pa àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé ní ọdún 2020 nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni ó kú káàkiri ayé nítorí èéfín iná ìdáná inú ilé, irú èyí tí ó ń ti ara igi, èédú àti kẹrosíìnì jáde. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń ba ọkàn jẹ́, ojú sì ń pọ́n. A bi ìyá tí ó ni búkà náà léèrè ìdí tí kò fi lo gáàsì. Ó ní òun ti lò ó rí. Nígbà tí owó gáàsì gòkè, òun ní láti yàn: kí òun fi owó kún oúnjẹ kí oníbàárà sá, tàbí kí òun padà sí igi. Ó nawọ́ sí àwọn bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo àwọn tó jókòó yìí. Èwo nínú wọn ni mo fẹ́ fi owó kún un fún?"

OWÓ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÀWÒRÁN

Ìbéèrè ìyá yẹn ni ó kọjú sí gbogbo olóúnjẹ ní Èkó láti ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ti tán. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦185 fò sí nǹkan bí ₦500, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti dé ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Epo ni ó ń gbé tòmáàtì láti òkè Ọya wá sí Mile 12. Epo ni ó ń gbé iṣu àti èlùbọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ka iye owó ọjà sọ pé oúnjẹ ti fi ju ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ wọ́n ju ti ọdún kan ṣáájú rẹ̀.

Kí ni olóúnjẹ ń ṣe nígbà tí ọjà bá wọ́n báyìí? A rí i lójú ara wa. Ẹran ń kéré sí i. Pọ̀nmọ́ ń gba ipò ẹran. Ṣíbí ìrẹsì tí ó ń kún dẹ́múdẹ́mú ń di pẹlẹbẹ. Àwọn oníbàárà tí ó ń jẹ òkèlè mẹ́ta pẹ̀lú ẹran méjì ń jẹ òkèlè méjì pẹ̀lú ẹran kan, wọ́n a sì tọrọ ọbẹ̀ kún un. Ìyá olóúnjẹ mọ̀ ọ́n, kò sì ní sọ nǹkan kan. Yóò bu ọbẹ̀ náà.

Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn búkà kan ní Èbúté Mẹ́tta ni a ti rí ohun tí a kò retí: ìlà ìlà tí a fi ẹfun fà, pẹ̀lú àmì kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé àwìn ni. Bírísímèsè tí iṣẹ́ kò yọ fún, awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, aṣọ́dẹ tí wọn kò san owó oṣù fún, gbogbo wọn ni ó ń jẹun níbẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi là. Ìyá náà kò mọ orúkọ àwọn mìíràn ju iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ. A bi í bóyá wọ́n ń san án. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ wọn a máa san. Ẹni tí kò bá san kò ní lè gba ojú ọ̀nà yìí mọ́, òun ni ìyà ń jẹ." A bẹ̀ ẹ́ kí a ya ìlẹ̀kùn náà. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fi aṣọ bo àwọn àmì tí ènìyàn lè dá mọ̀, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni.

OJÚ TÍ Ó FẸ́ ÀWÒRÁN ÀTI OJÚ TÍ KÒ FẸ́

Ẹ̀yin ará, ní ayé ìsinsìnyí, kò sí ẹni tí kò ní kámẹ́rà nínú àpò. Ó ti di àṣà pé kí ènìyàn ya àwo oúnjẹ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a rí ní Mùṣin tí ó yẹ kí gbogbo wa fi sọ́kàn.

Nígbà tí a wọ búkà kan níbẹ̀, a kí ìyá olóúnjẹ pé, "Ẹ kú ìdáná o, Màámá. A rí tà o?" Ó dáhùn tayọ̀tayọ̀, ó ní kí a jókòó. A sọ fún un pé a fẹ́ ya òun àti ìkòkò rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ojú mi. Nígbà tí wọ́n ya ibí kẹ́yìn, tí wọ́n gbé e káàkiri, ọjọ́ kẹta ni wọ́n wá kó àwọn ìkòkò mi lọ." A ti kámẹ́rà bọ inú àpò, a ní kí ó bu oúnjẹ fún wa, a sì jẹ, a sanwó. Bí a ti fẹ́ dìde, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé a lè ya ọwọ́ òun. Ọwọ́ yẹn ni a yà: ó ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé, àpá iná wà ní ìka mẹ́ta, òrùka ìgbéyàwó sì ti wọ ẹran ara.

Ẹ̀rù tí ń ba ìyá yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Púpọ̀ nínú àwọn olóúnjẹ inú kọ̀rọ̀ kò ní ìwé ilẹ̀. Ààyè tí ẹnikẹ́ni kò lò ni wọ́n ń lò. Bí ibẹ̀ bá ti lókìkí, onílé lè fi owó kún owó àyè, tàbí kí ìjọba ní kí wọ́n kúrò. Ìtàn Èkó kún fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Màrókò, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó sì di aláìnílé. Àwọn tí a lé kúrò ní Màrókò wà nínú eré Ṣóyínká tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Láàrin ọdún 2016 sí 2017, wọ́n wó Òtòdò Gbàmẹ̀ náà létí ọ̀sà. A mọ̀ pé ìlú gbọ́dọ̀ ní ètò, ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ là fún ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wó àdúgbò kan, àwọn ilé nìkan ni a sábà máa ń kà. Ta ni ó ń ka iye ìkòkò? Oníbàárà lè rí ibòmíràn jẹun lọ́jọ́ kejì. Ìyá tí ó ti fi ogún ọdún mọ ẹni tí kì í jẹ ata àti ẹni tí ó ń jẹ àwìn kò lè kó ìyẹn sínú ẹrù.

Bí àwòrán ti lè mú ìyọnu wá, bẹ́ẹ̀ ni ó lè mú ayọ̀ wá. Ìyá tí ó ni búkà Yábàá ní kí a fi àwòrán rẹ̀ han òun lẹ́yìn kámẹ́rà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Gbogbo fọ́tò tí mo ní nílé, aṣọ àríyá ni mo wọ̀ nínú wọn. N kò tíì rí ara mi nídìí iná rí." Lẹ́yìn náà ni ó ní kí a bá òun fi ránṣẹ́ sí ọmọ òun tí ó wà ní yunifásítì, kí ó lè rí ibi tí owó ilé ìwé rẹ̀ ti ń jáde.

Àgbà ayàwòrán kan wà, Ọ̀gbẹ́ni Akinbode Akinbiyi, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Oxford ní ọdún 1946, tí ó sì ń gbé ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi ẹsẹ̀ rin ìgboro Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, ó ń ya ohun tí àwọn ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ láìwò. Ní ọdún 2024, ìlú Berlin fún un ní ẹ̀bùn Hannah Höch fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Kámẹ́rà onífíìmù àtijọ́ tí a ń tẹ orí wò láti òkè ni a mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́; àwòrán méjìlá péré ni fíìmù kan ń gbà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ní méjìlá péré yóò wò dáadáa kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Àwa tí fóònù wa ń gba ẹgbẹ̀rún, ẹ jẹ́ kí a kọ́ sùúrù yẹn.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ

Bí ẹ bá fẹ́ mú àwọn ọmọ yín lọ wo irú ibi báyìí, ẹ gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí.

Èkínní, ẹ kí olóúnjẹ kí ẹ tó yọ fóònù. Ẹ ra oúnjẹ kí ẹ tó tọrọ àwòrán. Bí ó bá ní rárá, ẹ má bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sì jí i yà.

Èkejì, ẹ má ya ojú àwọn tí ń jẹun láìgba àṣẹ wọn. Ọ̀gá kan lè wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ ibi tí òun ti ń jẹun. Aláìní kan sì lè wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ àwìn.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ tó gbé àwòrán jáde, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ dárúkọ òpópónà ibẹ̀. Bí ó bá fẹ́ èrò sí i, ẹ dárúkọ rẹ̀ ketekete. Bí kò bá fẹ́, ẹ pa á mọ́. Ìdí nìyí tí a kò fi kọ àdírẹ́sì kankan sínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tẹ àwòrán náà sórí pépà kí ẹ sì mú un padà fún un. Àwòrán tí ó wà nínú fóònù yín, tiyín ni. Èyí tí ó wà lára ògiri rẹ̀, tirẹ̀ ni.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣọ́ra fún ìlera yín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, kọ́lẹ́rà tí a ń pè ní àrùn onígbá méjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn. Ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ àwo bóyá ó mọ́. Ẹ jẹ ohun tí ó gbóná, tí ìkòkò rẹ̀ ní ìdérí, tí èrò sì pọ̀ nídìí rẹ̀, nítorí pé ọbẹ̀ tí ó ń tà kíákíá kì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, bí ẹ tilẹ̀ ní láti gbé ọṣẹ yín dání.

Ẹ̀kẹfà, bí ẹ bá ń ra oúnjẹ lọ sílé, ẹ gbé abọ́ yín lọ, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n fi ewé pọ́n ọn. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de abọ́ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń dí ojú gọ́tà. Ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n ìrẹsì Ọ̀fadà kì í dí gọ́tà, ó sì ń fi òórùn dídùn kún oúnjẹ.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ẹ bá jẹ olóúnjẹ kankan ní gbèsè, kí ẹ lọ san án lọ́sẹ̀ yìí. Owó tí ó kéré lójú yín lè jẹ́ owó igi ìdáná ọ̀la fún un. Ẹ má sì ná an lówó bí ẹni ń ra aṣọ ní Balógun, nítorí pé èrè orí àwo oúnjẹ kan kò tó ohun tí a lè pín.

Ìlú Èkó yóò máa gbòòrò sí i, ilé gíga yóò sì máa pọ̀. Àwọn tí ń kọ́ ilé gíga náà, ibi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán ni kọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀ tí ẹ rí èéfín, ẹ yà wọlé, ẹ kí ìyá tí ó wà nídìí iná, ẹ sì béèrè orúkọ rẹ̀. Kí Ọlọ́run bù sí ìkòkò gbogbo wọn, kí iná wọn má sì kú.